Ta ló ní ẹni tó kó ọmọ wẹ́wẹ́ dání kò lè gun rólà kósítà?

Ẹ wo bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà rólà kósítà, ọkọ̀ eré tó ń gòkè tó sì ń já ṣòòrò lórí irin, ní ọgbà ìgbafẹ́ ńlá èyíkéyìí, ẹ ò ní ṣàì rí ẹnì kan tó jókòó síbẹ̀. Ó gbé ọmọ ọdún méjì lé itan, àpò mẹ́ta wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fìlà èèyàn mẹ́rin wà lórí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Nígbà tó bá yá, àwọn tó lọ gùn ún á jáde, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín, irun wọn á ti dàrú. Á bi wọ́n pé, "Ó dùn?" Wọ́n á ní, "Ó dùn gan-an!" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á kó ẹrù, ó di ibi tó kàn. Bẹ́ẹ̀, iye tí wọ́n san lórí tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kò dín sí tàwọn tó kù.

Tẹ́ ẹ bá bi í pé kí ló dé, ohun tó wà lẹ́nu gbogbo ayé ló máa sọ: ọmọ kékeré ò lè gùn ún, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í, nítorí náà, ó ti parí fún òbí títí ọmọ á fi dàgbà. Pé ọmọ ò lè gùn ún, òótọ́ ni. Pé ó ti parí fún òbí, irọ́ ni.

Ọ̀pọ̀ ọgbà ńlá ti ṣètò bí àgbà méjì ṣe lè gba ọmọ lọ́wọ́ ara wọn láìjẹ́ pé ìdílé kan tò lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ rẹ̀ ló kàn ń yàtọ̀. Rider Switch ni Disney ń pè é ní Amẹ́ríkà, Baby Switch ni ní Disneyland Paris, Child Swap ni ní Universal Orlando, Parent Swap sì ni ní Cedar Point ní ìpínlẹ̀ Ohio. Wọn kì í gba owó kankan lé e.

Ti Disney ló yé mi jù. Gbogbo ilé á jọ lọ bá òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì sọ fún un pé Rider Switch làwọn fẹ́ ṣe. Ẹ má fi ọmọ sílẹ̀ síbòmíràn o, torí òṣìṣẹ́ yẹn fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn àkọ́kọ́ á tò bí gbogbo èèyàn ṣe ń tò. Ẹni tó kù á mú ọmọ lọ jẹun, tàbí kó tì í kiri títí á fi sùn. Bí àwọn tó kọ́kọ́ lọ bá ti dé, wọ́n á gba ọmọ, ẹni tó dúró tì í á wá gba ọ̀nà Lightning Lane wọlé, ọ̀nà tí àwọn mìíràn ń sanwó kí wọ́n tó gbà. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tí gbogbo ayé ń káàánú lórí bẹ́ǹṣì yẹn gan-an ni kò ní tò lórí ìlà gígùn. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà, tó bá ti ga tó, sábà máa ń jẹ èrè méjì: á bá bàbá rẹ̀ gùn ún, á tún bá ìyá rẹ̀ gùn ún.

Ti Universal ò rí bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, gbogbo ilé ló sábà máa ń jọ rin ìlà náà dópin. Ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ gan-an ni yàrá kan wà tí ẹnì kan á ti jókòó ti ọmọ, tí ẹnì kejì á fi gùn ún dé, kí wọ́n tó pààrọ̀. Ní Harry Potter and the Forbidden Journey, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, èyí ò burú rárá, nítorí inú ilé olódi Hogwarts, ilé ẹ̀kọ́ inú ìtàn Harry Potter, ni ìlà náà gbà kọjá, àwọn àwòrán ara ògiri sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ á ríran wò. Àmọ́ wákàtí kan lórí ìlà pẹ̀lú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìlédìí, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yà.

Kò sí òṣìṣẹ́ tó máa fà yín jáde lórí ìlà láti wá sọ èyí fún yín. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ béèrè lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó tò.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn, èyí ló sì ń bí mi nínú jù. Wọ́n gbà pé ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga ọmọ lẹ́nu ọ̀nà, àṣejù lásán ni. Wọ́n á wọ bàtà onígìgísẹ̀ fún ọmọ, wọ́n á ki bébà sínú bàtà, wọ́n á ní kó na ìka ẹsẹ̀ díẹ̀. Òṣìṣẹ́ á rọra ní kí ọmọ tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, orí rẹ̀ á sì rẹlẹ̀ sí ìlà tí wọ́n fà sára ọ̀pá. Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í jà pé ìwọ̀nba ìka kan péré ló kù.

Space Mountain tó wà ní Walt Disney World, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1975, kì í sáré ju nǹkan bíi kìlómítà 45 ní wákàtí kan lọ. Mọ́tò inú ìgboro ń sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkùnkùn ibẹ̀ ló ń jẹ́ kó dà bíi pé ó ń fò. Síbẹ̀, ọmọ tí kò bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 112 ò ní gùn ún, nítorí eré sísá nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Nígbà tí ọkọ̀ bá já ṣòòrò, ara máa ń fẹ́ gbéra kúrò lórí ìjókòó, irin tó sọ̀kalẹ̀ lé itan ló ń dì í mú. Irin yẹn ní bí itan àti ìbàdí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó. Ọmọ tó bá kéré jù lè yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Bébà inú bàtà ò fi nǹkan kan kún itan ọmọ.

Kì í sì í ṣe gbogbo rólà kósítà ló jìnnà sí àwọn ọmọ kékeré. Sẹ̀ǹtímítà 97 ni Seven Dwarfs Mine Train àti Slinky Dog Dash ti Disney ń béèrè, ọmọ tó ti lé díẹ̀ lọ́dún mẹ́ta lè ga tó bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún márùn-ún sábà máa ń tó nǹkan bí 110. VelociCoaster ti Universal, tó ń sá kìlómítà 113 ní wákàtí kan, ń béèrè 130. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè má tíì tó o. Haunted Mansion àti Pirates of the Caribbean ti Disney ní Amẹ́ríkà ò tiẹ̀ béèrè gíga kankan, ẹ lè gbé ọmọ ọwọ́ wọ̀ ọ́. Bó bá sunkún nínú òkùnkùn, ẹ má dá mi lẹ́bi o, ọ̀pá ò mọ bí a ṣe ń wọn ẹ̀rù.

Ibi tí ìgbàgbọ́ àtijọ́ yẹn ti jàre ni ti àgbà kan ṣoṣo tó dá kó ọmọ dání. Òṣìṣẹ́ kì í báni gbé ọmọ, nítorí náà, ẹ wá àgbà kan mú lọ, ì báà jẹ́ àbúrò tàbí ọ̀rẹ́.

Kẹ́ ẹ sì pín ẹrù kẹ́ ẹ tó pínyà. Ìgbà àkọ́kọ́ témi àtọkọ mi gbìyànjú rẹ̀, èmi ni mo kọ́kọ́ tò. Ìlà ti gbé mi dé àárín, mò ń wo àwọn tó ń já bọ̀ lókè, ni fóònù mi dún. Mò ń gbọ́ igbe ọmọ lábẹ́ ohùn ọkọ mi.

"Ìyá Tọ́lá, níbo lo kó ìgò mílíìkì sí?"

Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Èmi ni mo gbé báàgì kọ́ èjìká.