Ọwọ́ òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní Ìlú Ọba

Ẹ ṣeun fún ìròyìn tí ẹ gbé jáde lórí háyà mọ́tò lókè òkun, ṣùgbọ́n yíyẹ táyà wò tí ẹ tẹnu mọ́ nìkan ò tó. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 la ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọwọ́ òsì ni ti Ìlú Ọba. Ibi tó ti máa ń léwu jù ni ìgbà téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé epo láàárọ̀ kùtù, tí kò sí ọkọ̀ kankan níwájú tó lè tẹ̀ lé. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi nítòsí ìlú Leeds, ní Ìlú Ọba níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo yà sí, iná tírélà tó ń bọ̀ níwájú ló là mí lójú. Ọlọ́run ló yọ mí.

Bí mọ́tò bá bàjẹ́ lójú mọ́tòwéè, ìyẹn ọ̀nà márosẹ̀ ńlá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jókòó sínú ẹ̀. Ẹ gba ilẹ̀kùn òsì jáde, kí ẹ bọ́ sẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ títì, kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Bẹ́ ẹ bá rí àmì X pupa lókè lénì kan, wọ́n ti tì í pa nìyẹn. Ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tẹ́ ẹ háyà ní kété tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ nínú bàálù òru, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ lọ sùn ná.