Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgbádárìgì kò wó o

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pín fọ́tò tí wọ́n kọ “Wọ́n ti wó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà” sí lórí WhatsApp. Irọ́ ni. Ilé tiwa ṣì dúró ní Màrínà, ó kọjú sí ọ̀sà. Àwọn míṣọ́nnárì ló fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, ó sì parí ní 1845.

Ilojo Bar ló wà nínú fọ́tò yẹn, ní Tinúbú, láàárín Èkó, níbi tí báńkì pọ̀ sí. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí 1855, lọ́nà ìkọ́lé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Brazil, fún títa ọtí àti oúnjẹ. Ẹ wo bí ojú ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọdọrọ lókè! Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n gbé kátapílà wọ̀ ọ́. Ọjọ́ Àìkú ni o, nígbà tí ọ́fíìsì ìjọba wà ní títì. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Òfò ńlá nìyẹn, àmọ́ Èkó ló ṣe é, kì í ṣe Àgbádárìgì.