Ẹ yéé ju ìdákọ̀ró sórí koríko yẹn!

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀tì wá sí Formentera yìí, erékùṣù kan ní Sípéènì, ti sú mi o. Ibi tí òkun ti ya wọlẹ̀ díẹ̀, tí àpáta gba atẹ́gùn dúró, tómi ẹ̀ mọ́ débi pé wàá máa rí ẹja nísàlẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n á ti ju ìdákọ̀ró gbàà sórí koríko òkun tí wọ́n ń pè ní posidonia, yanrìn funfun sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ṣójú wọn ò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun ni? Táfẹ́fẹ́ bá wá ń yí bọ́ọ̀tì, ṣéènì á máa wọ́ kiri, á máa hú koríko tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, koríko tí kì í tàn ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ lọ́dún, òun náà ló sì ń jẹ́ kómi yẹn mọ́ tẹ́ ẹ fi ń sáré wá ya fọ́tò! Àt'ọdún 2018 nìjọba àwọn erékùṣù Balearic, tí Formentera wà lára wọn, ti fòfin de jíju ìdákọ̀ró sórí ẹ̀. Bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á ní “wákàtí kan péré náà ni.” Wákàtí kan bàbá ta ni? Jẹnẹrétọ̀ tún ń ké nínú bọ́ọ̀tì wọn, orin ń dún gbùà gbùà (àwa tá a fẹ́ràn ariwo gan-an ò ṣe tó yẹn). Ẹ ju ìdákọ̀ró yín sórí yanrìn, àbí kẹ́ ẹ so bọ́ọ̀tì mọ́ “buoy”, nǹkan tó ń léfòó tí wọ́n gbé síbẹ̀ fún síso ọkọ̀, háà!