Ajá tó ń tiro: "ogbó ni" kọ́ o

Bí Alsatian bá ti ń sún mọ́ ọdún 8, tí ìdìde àárọ̀ wá di iṣẹ́ fún un, ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé: "Ogbó ló dé sí i, ẹ fi í sílẹ̀." Ẹlòmíì á ní àfi iṣẹ́ abẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aromọléegun ló sábà máa ń ṣe é, ó sì ń dùn ún. Ajá kì í sábà ké nítorí oríkèé tó ń ro ó. Ṣe ló máa ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì fò pọ̀ bí ehoro bó bá ń sáré, á máa lá ojú kan náà lára ẹsẹ̀, itan rẹ̀ á sì máa gbẹ. Kì í tilẹ̀ ṣe arúgbó nìkan ló ń mú: ajá tí egungun itan rẹ̀ kò jókòó dáadáa sínú ihò ìbàdí láti kékeré, bó ṣe wọ́pọ̀ lára Alsatian àti Rottweiler, lè máa tiro kó tó pé ọdún 2.

Ọ̀rá ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó yẹ kí ẹ lè ka egungun ìhà láìtẹ ọwọ́ mọ́ ọn. Ajá tó sanra jù, bí ìdá 6 sí 9 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ bá lọ, ìtiro á dínkù. Fún ajá kílò 40, kílò 2.5 ti tó láti rí ìyàtọ̀. Ẹ̀bà àjẹkù, burẹ́dì àti ọ̀rá ẹran ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ kúrò. Ẹ máa fi ife kan náà wọn oúnjẹ rẹ̀, kí ẹ sì wọn òun fúnra rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Táìlì ilẹ̀ ni ọ̀tá kejì, kò sì sẹ́ni tó ń fura sí i. Ẹsẹ̀ ń yọ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, ajá á máa fún iṣan pọ̀ kó má baà ṣubú, oríkèé á máa gba ìyà yẹn ní gbogbo ọjọ́. Ẹ tẹ́ rọ́bà ilẹ̀ láti ibi tó ń sùn dé ibi abọ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Bí èékánná bá ń dún kọ́kọ́kọ́ nílẹ̀, ó ti gùn jù, ẹ gé e. Fóòmù tó nípọn ni kó máa sùn lé, pàápàá lásìkò ọyẹ́, kì í ṣe sìmẹ́ńtì.

Ẹ má dè é mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìsinmi. Iṣan itan tó bá gbẹ, oríkèé ló máa ru ẹrù rẹ̀. Ẹ máa mú un rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, pẹ̀lú okùn lọ́rùn, lórí koríko tàbí yẹ̀pẹ̀. Dídè é láti Ajé dé Àbámẹ́ta, kí ẹ wá sáré jìnnà pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ìyẹn ló burú jù. Bí ìtiro bá pọ̀ sí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gé àkókò yẹn sí ìdajì. (Ajá tó ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè tí kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀: iṣan orúnkún lè ti já. Ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò.)

Oògùn ènìyàn láti kẹ́mísì ńkọ́? Ibuprofen àti diclofenac máa ń dá ọgbẹ́ sí ikùn ajá, wọ́n sì ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Meloxicam, oògùn ìrora kan, wà fún ajá lóòótọ́, àmọ́ ẹ ṣe ìṣirò yìí: mílígíráàmù 0.2 fún kílò kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà 0.1 lójúmọ́. Ajá kílò 15, 1.5 ni tirẹ̀ lójúmọ́. Hóró ti ènìyàn jẹ́ 7.5 tàbí 15, ìyẹn ìlọ́po 5 tàbí 10! Ẹ béèrè ti olómi lọ́wọ́ dókítà ẹranko lẹ́yìn tó bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ, ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ oògùn steroid bíi dexamethasone tàbí prednisolone láé. Bó bá bì, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, ẹ dá oògùn náà dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ pe dókítà.

Ní ti glucosamine, àfikún oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn ń rà fún oríkèé, ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Ẹ kọ́kọ́ fi owó yẹn ra rọ́bà ilẹ̀.