Ikú abiyamọ kì í ṣe àkúnlẹ̀yàn

Ní Òṣogbo, bí obìnrin bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí wọ́n wá kẹ́dùn ni pé bí ó ti yàn án lọ́run nìyẹn, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. N kò fẹ́ bá ọlọ́fọ̀ jiyàn, ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe òótọ́, ó sì ń pa ènìyàn, nítorí pé ohun tí a bá ti gbà pé àyànmọ́ ni, a kì í wádìí ohun tí ó fà á.

Ẹ wo Rùwáńdà, orílẹ̀-èdè kékeré tí ìpakúpa ọdún 1994 fọ́ túútúú. Ní 2000, abiyamọ 1,071 ni ó ń kú níbẹ̀ fún ọmọ 100,000 tí a bí láàyè. Ní 2005 ó di 750, ní 2010 ó di 476, nígbà tí yóò sì fi di 2015 ó ti wálẹ̀ sí 210. (Láti ìgbà náà ó ti falẹ̀: 203 ni wọ́n rí ní 2020.) Àkúnlẹ̀yàn gbogbo obìnrin orílẹ̀-èdè kan kò lè yí padà láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ohun tí ó yí padà ni ibi tí wọ́n ń bímọ sí: ní 2000, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó ń bímọ sí ilé ìwòsàn, ní 2015, wọ́n ti lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wọ́n dá ètò adójútòfò ìlera tí wọ́n ń pè ní Mutuelle sílẹ̀, kí àìlówó má baà dá aboyún dúró sílé, wọ́n sì yan òṣìṣẹ́ ìlera ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí yóò máa tọpa àwọn aboyún.

Ẹ̀jẹ̀ tí ń dà lẹ́yìn ìbí ni ó ń pa abiyamọ jù lọ lágbàáyé. Bí ọmọ bá wá tí ibi sì wá, ilé-ọmọ gbọ́dọ̀ súnkì kí ó lè fún ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ibi lẹ̀ mọ́ pa. Bí ó bá rọ̀ tí kò súnkì, obìnrin tí ara rẹ̀ le koko láàárọ̀ lè kú láàárín wákàtí méjì. Abẹ́rẹ́ oxytocin, tí a bá gún un kété tí ọmọ bọ́ sílẹ̀, ni ó ń mú kí ó súnkì, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kò fẹ́ ooru, nítorí náà níbi tí iná mànàmáná kì í ti í dúró, agbára rẹ̀ lè ti lọ kí wọ́n tó lò ó. Gìrì aboyún, tí ó jọ àsàsí jù lọ lójú ẹni tí ń wò ó, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ni. Bí a bá ń yẹ ìfúnpá aboyún wò déédéé, a sábà máa ń rí àmì rẹ̀ ṣáájú, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate sì wà fún un.

Ní Nàìjíríà, irú ìwádìí tí ó mú iye ti Rùwáńdà wá rí abiyamọ 545 tí ó kú fún ọmọ 100,000 ní 2008, 576 ní 2013, àti 512 ní 2018. Ojú kan náà ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ wà. Bí a bá ti kẹ́dùn tán ní Òkè-Báálẹ̀ tàbí Ìgbọ̀nà, ohun tí ó yẹ kí àwa aládùúgbò lọ bi àwọn tí ètò ìlera wà lọ́wọ́ wọn ni pé: aago mélòó ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ta ni ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ wà, ǹjẹ́ a rí ẹ̀jẹ̀ fà sí i lára, báwo ni ó sì ti pẹ́ tó kí ọkọ̀ tó dé?