180 Sí 110

(Sẹ́ńtà ìlera abúlé kan lápá Òkè-Ògùn. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, bẹ́ǹṣì méjì, èrò rẹpẹtẹ. Bàbá Làmídì wọ agbádá bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ, wọ́n ti we nǹkan mọ́ ọn lápá.)

NỌ́Ọ̀SÌ: Bàbá, ẹ má sọ̀rọ̀ tí mo bá ń wò ó.

BÀBÁ: Èmi ò sọ̀rọ̀. Ìyá Làmídì, ṣé mo sọ̀rọ̀?

ÌYÁ: Ẹ ń sọ ọ́ lọ́wọ́ báyìí.

NỌ́Ọ̀SÌ: Háà! 180 lókè, 110 nísàlẹ̀!

BÀBÁ: Ta ló wá wọlé nínú wọn?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ìbò kọ́ o, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Tó bá ti to 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ó ti pọ̀ jù. Ọgbọ̀n hóró tí mo kà fún yín lóṣù tó kọjá ńkọ́? Ẹyọ kan lójúmọ́ la sọ, ó yẹ kó ti tán.

(Ìyá fa agolo aáṣáà yọ nínú báàgì, ó dà á sórí tábìlì. Hóró 21, gbogbo ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀.)

BÀBÁ: Ọjọ́ tórí bá fọ́ mi ni mò ń lò ó. Ṣé èèyàn ń gbé oògùn mì nígbà tí ara ẹ̀ le ni?

NỌ́Ọ̀SÌ: Ẹ̀jẹ̀ ríru ò ní dúró kí orí fọ́ yín kó tó ga o!

ÌYÁ: Mẹ́rin péré ni wọ́n lò. Wọ́n kó márùn-ún fún Bàbá Ẹlẹ́mu, ó ní ìbàdí ń ro òun.

BÀBÁ: Ó sì ṣiṣẹ́ fún un!

ÌYÁ: Nọ́ọ̀sì, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ jàre, òòyì kọ́ wọn lọ́jọ́rú, wọ́n lọ bá Kẹ́míìsì, Kẹ́míìsì po funfun méjì yẹ́lò kan pupa ààbọ̀ sínú bébà, ó ní kí wọ́n fi Alábùkún lé e, ọjọ́ kejì wọ́n ra àgbo, àgbo ọ̀hún ògógóró ló pọ̀ jù ńbẹ̀, wọ́n sùn dìrọ̀lẹ́ wọ́n ní ara ti yá, wọ́n tún lọ bá wòlíì, wòlíì ní ará ilé ìyá wọn ni, ìgbà tí wọ́n wá ṣubú lẹ́yìnkùlé lánàá la tó rántí yín.

BÀBÁ: Kí ni Alábùkún ṣe yín? 1918 ni Blessed Jacob ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, bàbá mi ò tíì gbéyàwó!

NỌ́Ọ̀SÌ: Asipirín àti kaféènì ló wà nínú ẹ̀, Bàbá. Ti orí fífọ́ ni, kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru.

BÀBÁ: Kẹ́míìsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, ó ń ta àwìn fún mi, ó tún ń bi mí pé ewúrẹ́ mi ti bímọ àbí kò tíì bí. Tiyín ńkọ́? Ẹgbẹ̀rún méjì ọ̀kadà, mo tún jókòó láti àárọ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

NỌ́Ọ̀SÌ: Èmi nìkan ló wà ńbí, Bàbá, èmi ni mò ń gbẹ̀bí, èmi náà ni mò ń gbálẹ̀.

BÀBÁ: Ó dáa, gún mi lábẹ́rẹ́ kan kí n máa lọ. N ò lè san ẹgbẹ̀rún méjì kí nǹkan kan má dùn mí délé.

NỌ́Ọ̀SÌ: Kò sábẹ́rẹ́. Hóró kan, láràárọ̀. Màmá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀.

ÌYÁ: Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Inú àpótí mi loògùn máa wà, ibẹ̀ náà ni aáṣáà máa wà. Ẹni tí ò bá gbé hóró kan mì, kò ní fín aáṣáà lọ́jọ́ náà.

(Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ pé aáṣáà gan-an ò dáa fún un. Ó wo ojú Bàbá, ó panu dé.)

BÀBÁ: Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi we nǹkan yẹn mọ́ apá padà. Ó ti wọ 200.