Ara yá, jíìnì ò yí padà: ẹ wo yíìsì inú ẹmu

Ẹ̀yin ará Èkìtì kete, ọ̀rọ̀ kan ń bí mi nínú o. Láti Adó dé Ìkẹ́rẹ́ dé Ọ̀yẹ́, bí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ ni pé jíìnì tó bá ti bàjẹ́, àfi kí wọ́n tún òun gan-an ṣe kí ara olúwarẹ̀ tó lè yá, tí ara ẹnì kan bá wá yá báyìí, wọn á ní "ẹ ò rí i, ó ti di AA!" Irọ́ ni jàre. Ara lè yá kí jíìnì tó bàjẹ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí.

Yíìsì ló kọ́ wa. Yíìsì tó ń mú ẹmu hó nínú akèrègbè ni mò ń wí, irú kan náà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà. Tó bá rí ṣúgà, ó lè sọ ọ́ di ọtí láìlo atẹ́gùn rárá, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ glycerol (oúnjẹ míì tí kò ṣeé sọ di ọtí bẹ́ẹ̀) nìkan lẹ fún un, àfi kó mí, inú maitokọ́ńdíríà ni sẹ́ẹ̀lì sì ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Maitokọ́ńdíríà ní DNA (okùn tí jíìnì wà lára ẹ̀) kékeré tiẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń lò, jíìnì inú nukleọsì (àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí DNA tó pọ̀ jù wà) ló ń ṣe é fún un. Torí náà yíìsì tí maitokọ́ńdíríà ẹ̀ bàjẹ́ ò ní kú, ẹ ṣáà máa fún un ní ṣúgà. Ẹ gbé e sórí glycerol, kò ní hù.

Ibi tó ti wá dùn rèé. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Piotr Slonimski, àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Gif-sur-Yvette, nílẹ̀ Faransé, ń bá yíìsì kan ṣiṣẹ́ tó ní àléébù nínú jíìnì cytochrome b (ọ̀kan lára ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mí), inú DNA maitokọ́ńdíríà ni jíìnì yẹn wà, ó sì ní àwọn ègé kan láàárín tí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ gé kúrò lára ẹ̀dà rẹ̀ kó tó lè wúlò. Ègé kẹrin ló ń ṣe pròtéènì (irinṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì) tó ń bá wọn gé e, pròtéènì yẹn gan-an ló bàjẹ́. Wọ́n kó yíìsì yìí rẹpẹtẹ sórí glycerol, èyí tó pọ̀ jù ò hù, díẹ̀ hù. Ẹ máa ní àléébù ti tún ara ẹ̀ ṣe nìyẹn (nínú àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lóòótọ́). Ṣùgbọ́n nínú àwọn míì, àléébù ò kúrò, ibòmíì ló yí padà. Ọ̀kan ni NAM2, jíìnì inú nukleọsì tí iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa so leucine (ọ̀kan lára ohun tí wọ́n fi ń kọ́ pròtéènì) mọ́ tRNA (ohun tó ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ pròtéènì) ní maitokọ́ńdíríà, ó yí díẹ̀, ó sì wá di iṣẹ́ gígé náà mú. Òmíì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1982, lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ló yí nínú jíìnì COX1 (jíìnì mímí míì nínú DNA maitokọ́ńdíríà), pròtéènì kan tó ti wà níbẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe bá jí.

Onímọ̀ míì, Rudolf Schweyen, àtàwọn èèyàn ẹ̀ tiẹ̀ rí èyí tó yà mí lẹ́nu jù: fún àléébù gígé míì, wọn ò yí nǹkan kan padà, wọ́n kàn sọ jíìnì MRS2 di púpọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, iṣẹ́ bá lọ. Nígbà tó yá ni wọ́n mọ̀ pé MRS2 ni ẹnu ọ̀nà tí magnesium ń gbà wọ maitokọ́ńdíríà, RNA (ẹ̀dà jíìnì tí wọ́n ń gé yẹn) sì nílò magnesium kó tó lè ká bó ṣe yẹ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé àléébù ṣì wà? Ẹ mú yíìsì NAM2 tára ẹ̀ ti yá yẹn, ẹ fi bá òmíì tí ò ní DNA maitokọ́ńdíríà rárá lò pọ̀, tí NAM2 tiẹ̀ ò yí. Ọmọ mẹ́rin ló máa jáde, gbogbo wọn ló jogún maitokọ́ńdíríà alálèébù, ṣùgbọ́n méjì á hù lórí glycerol, méjì ò ní hù. Àwọn méjì tí ò hù yẹn ò rí NAM2 tó yí gbà, àìsàn bá yọjú padà. Ó dà bíi tábìlì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kan kúrú tẹ́ ẹ ki páálí sábẹ́ ẹ̀: tábìlì ò mì mọ́, ẹsẹ̀ ṣì kúrú.

Ẹ má sọ pé yíìsì ò kàn wá. Ní òpin 2023, ìjọba UK àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan fún àwọn SS, Casgevy lorúkọ ẹ̀. Kò fọwọ́ kan jíìnì S tó bàjẹ́ rárá o! Sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣẹ̀dá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń mú, wọ́n á gé ibi tó ń darí jíìnì BCL11A (òun ló ń dá hemoglobin ọmọ inú oyún dúró), ẹ̀jẹ̀ á wá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe hemoglobin (ohun pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé atẹ́gùn) irú èyí tí ọmọ inú oyún ń lò, ìyẹn ò sì jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n bí bẹ́ẹ̀ láìgba ìtọ́jú kankan, SS ni wọ́n, hemoglobin ọmọ inú oyún ò kúrò lára wọn, ara wọn sì le ju ti SS yòókù lọ.

Ẹ wá gbọ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣègbéyàwó. Ẹni tó gba ìtọ́jú yìí tára ẹ̀ yá kanlẹ̀, kò ì tíì di AA. Ìtọ́jú yẹn ò dé ibi tí ọmọ ti ń wá. Gbogbo ọmọ tó bá bí ló máa gba S kan lọ́wọ́ ẹ̀, tó bá sì fẹ́ AS, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ SS, ó lè jẹ́ AS, ìdajì-ìdajì ni.